Ẹ̀bùn ọdún ní Òṣogbo: ọjà àárín ìlú, ẹnu Igbó Ọ̀ṣun, àbí ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Àkúrẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn máa wá sí Òṣogbo fún ọjọ́ kan péré kí Kérésìmesì tó dé, àwọn sì fẹ́ ra ẹ̀bùn èèyàn márùn-ún lọ: ìyá ọkọ wọn, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, pásítọ̀ ìjọ wọn, ọmọ àbúrò wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń padà sí Kánádà nínú oṣù kìíní. "Ìwọ lo wà nílé, níbo ni kí n yà sí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ṣeé sọ tán lórí fóònù. Ohun tí mo padà kọ ránṣẹ́ sí wọn nìyí. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ sí i kó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ibi mẹ́ta ni èèyàn ti lè ra ẹ̀bùn gidi nílùú yìí: ọjà àti ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú, ẹnu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, àti ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà pẹ̀lú gáláárì wọn. Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ń kó bá ni ni kéèyàn lọ sí ọjà lọ wá ohun tó yẹ kó wá ní gáláárì, tàbí kó lọ san owó gáláárì lórí ohun tí ìyá kan ń tà ní Ọjà Ọba.

Ìbéèrè kan ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ti mú nǹkan lọ́wọ́, màá bi ẹni tó ń tà á pé, "Ta ló ṣe é?" Bó bá dárúkọ ẹni náà, tàbí tó nawọ́ sí i níbi tó jókòó sí, ọkàn mi balẹ̀. Bó bá ní, "A kàn kó o wá láti Èkó ni," nǹkan náà lè wúlò nílé o, àmọ́ kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn wọ mọ́tò wá sí Òṣogbo torí ẹ̀. Ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo. Ọwọ́ àwọn èèyàn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjà àti ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú

Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Àtáọ́ja, ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kàn, lẹ́yìn náà Igbọ̀nà, kí ẹ sì wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Station Road. Ibí ni owó ẹ̀bùn ti wálẹ̀ jù, ibí náà sì ni nǹkan ti pọ̀ jù: ìlẹ̀kẹ̀, igbá, òrí, ọṣẹ dúdú, apẹ̀rẹ̀, ọpọ́n ayò, aṣọ lóríṣiríṣi. Ẹ ó nájà, wọ́n á já a fún yín, ẹni tí inú rẹ̀ bá sì dùn sí yín á tún fi èènì lé e. N kò tíì rí gáláárì tó ń fún èèyàn ní èènì.

Ohun tí ọjà kò ní ni ìtàn. Ìyá tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ fún yín lè má mọ ibi tó ti wá, kò sì sí rìsíìtì. Ayédèrú náà kún ibẹ̀. Bí wọ́n bá pe ìlẹ̀kẹ̀ kan ní iyùn tàbí òkúta, ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Òkúta máa ń tutù, ó sì máa ń wúwo, ṣùgbọ́n rọ́bà kì í pẹ́ móoru lọ́wọ́, ó sì fúyẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹ̀gbà idẹ ni, ẹ mú irin mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan dání. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbá idẹ mú. Bó bá gbá a mú, irin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ idẹ ni.

Ẹ tètè jáde láàárọ̀. Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan sí Kérésìmesì, tí oòrùn sì ti gòkè, èrò ò ní jẹ́ kí ẹ lè na aṣọ wò, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí a kò nà wò a kò tíì rà á.

Ẹnu Igbó Ọ̀ṣun

Àwọn tó ń ti òkèèrè wá fẹ́ràn ibí jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà. Ìjọba kéde rẹ̀ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ lọ́dún 1992, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005. Ọwọ́ àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lórílẹ̀-èdè yìí, NCMM, ló wà. Inú rẹ̀ ni àwọn ère ńlá tí Àdùnní Olórìṣà àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ mọ wà. Susanne Wenger ni orúkọ tí wọ́n bí Àdùnní mọ́ ní Austria. Wọ́n dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, Òṣogbo níbí ni wọ́n sì dákẹ́ sí lọ́dún 2009. Adébísí Àkànjí wà lára àwọn tó mọ ti sìmẹ́ńtì, Kàsálí Àkàngbé sì wà lára àwọn tó gbẹ́ ti igi.

Ohun tí ẹ máa rí rà lẹ́nu ọ̀nà kò tóbi tó ti inú igbó: ère kéékèèké, ẹ̀gbà idẹ, ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ bàtíkì. Ẹ̀bùn tó ní ìtàn ni wọ́n, torí ẹni tí ẹ fún lè béèrè pé "Níbo lo ti rí i?" kí ẹ sì ní nǹkan sọ. Bí ẹ bá fẹ́ wọnú igbó pẹ̀lú, ẹ ka owó ìwọlé mọ́ owó ẹ̀bùn, ẹ sì gba rìsíìtì rẹ̀. Àkókò ṣe pàtàkì níbí ju ọjà lọ. Nínú oṣù kẹjọ, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, gbogbo ayé ló wà níbẹ̀, ohun tó ń náni lówó tí kò tó nǹkan ní Disẹ́ńbà á ti gun òkè. Disẹ́ńbà ni kí ẹ wá, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí ibẹ̀ sì dákẹ́, tí olùtajà ní àyè láti jókòó bá yín sọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ yìí kan náà ni kí ẹ fi ṣọ́ ère igi o. Igi tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ lù ú, á sán láti ìdí dé orí. Ẹ yí ère náà dojú dé, ẹ wo ìdí rẹ̀. Bó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìdí rẹ̀ sì tutù lọ́wọ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ìyẹ̀fun igi ń dà jáde láti inú rẹ̀, kòkòrò ti ń gbé ibẹ̀, ẹ sì fẹ́ gbé e lọ sílé ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì ní ère òun ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún, èéfín àti ilẹ̀pa ni wọ́n sábà fi ń sọ igi tuntun di àgbà. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gidi ní òfin tirẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ.

Ohun méjì kan wà tí mo máa ń bẹ àlejò mi pé kí wọ́n má ṣe. Ẹ má ṣa òkúta, ewé tàbí ìkarahun nínú igbó láti fi ṣe ẹ̀bùn. Ibi mímọ́ ni, wọn kì í ṣọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja níbẹ̀. Èkejì, ẹ má bu omi odò náà fún ẹnikẹ́ni pé kó mu ún. Iṣẹ́ àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́, ó sì dùn mí láti kọ gbólóhùn yìí, torí ìyá wa àgbà kì í ti odò yẹn bọ̀ láìgbé omi dání.

Ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà

Lọ́dún 1962, Dúró Ládípọ̀, eléré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ nílùú yìí. Mbárí ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Ígbò ni. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, màá yọ̀. Láti inú ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tí kò kàwé lórí iṣẹ́ ọnà rárá ti di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń bójú tó iná fún eré Dúró Ládípọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Àsírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ ni, ó ń fi òòlù tẹ ìtàn Bíbélì àti ayé abúlé sára páànù àlúmíníọ́ọ̀mù, títí ó fi kú lọ́dún 1993. Nike Davies-Okundaye náà, Òṣogbo ló ti gbilẹ̀, ó sì ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti bàtíkì lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀bùn kan ṣoṣo tó máa dúró lára ògiri fún ogún ọdún, ibí ni kó wá. Ẹ lọ sí gáláárì Nike, ẹ ya Ìbòkun Road níbi tí ilé Àdùnní wà, ẹ béèrè iṣẹ́ tó wà fún títà. Owó rẹ̀ kò ní wálẹ̀ bíi ti ọjà, ẹ má sì retí pé wọ́n á já a dé ìdajì. Àmọ́ ẹ ó rí orúkọ ẹni tó ṣe é, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ lára iṣẹ́ náà, ọdún tó ṣe é, àti rìsíìtì. Ẹ má sì bẹ̀rù pé gbogbo rẹ̀ ló ju agbára yín lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, èmi gan-an sì fẹ́ràn kí n ra ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo ojú mi bí mo ṣe ń wo iṣẹ́ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n dìídì ṣe é fún yín, ẹ ti pẹ́ bí Disẹ́ńbà bá ti wọlé. Oṣù kẹwàá ni kí ẹ ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀.

Aṣọ, níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ jù

Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pè é, nítorí náà màá dúró pẹ́ díẹ̀ níbí. Ní ọdún tí mo ṣègbéyàwó, mo ra ọ̀pá márùn-ún fún ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra fún mi pé àdìrẹ ni. Màmá gbà á, wọ́n súre fún mi, wọ́n wá yí etí aṣọ náà padà lẹ́ẹ̀kan péré. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ẹ̀rọ ló tẹ èyí o." Wọn ò sọ ọ́ láti fi dójú tì mí. Ọmọ aláró ni wọ́n, ọwọ́ wọn ló kàn mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ náà síta. Bí iwájú bá tàn tí ẹ̀yìn kò sì tàn, tó funfun bí ẹni pé ọ̀dà kò wọ ibẹ̀ dé, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Òdìkejì èyí ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ: iwájú nìkan ni wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ lafún sí, nítorí náà aró ń rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ̀yìn á sì dúdú ju iwájú lọ. Oníko tí wọ́n fi ìko dì, àti bàtíkì tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe, ojú méjèèjì wọn ń jọra.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọnà kan lára rẹ̀, ká ní ẹyẹ ni, kí ẹ wá ẹyẹ kejì lára aṣọ kan náà. Ọwọ́ èèyàn kì í ya ẹyẹ méjì kí wọ́n bára mu délẹ̀. Ìrù ọ̀kan á gùn díẹ̀, ojú èkejì á fẹ̀ jù, níbì kan ẹ̀kọ á ti já kó tó gbẹ, tí aró á sì sá wọlé bí okùn tín-ínrín. Bí ẹyẹ mẹ́wàá bá jọra bí ìbejì mẹ́wàá, ẹ̀rọ ni. Bó bá jẹ́ bàtíkì, ẹ wá ibi tí àbẹ́là ti sán: àwọn ìlà wẹ́wẹ́ bí ti ìkòkò tó fẹ́ fọ́. Ìlà yẹn kì í rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ béèrè irú aró tí wọ́n lò. Aró èlú ni ti àtijọ́: wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á sá a, wọ́n á fi omi eérú pò ó nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan. Aṣọ á wọnú ìkòkò, á jáde síta, á gbẹ, á tún padà wọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dúdú bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tó fi wọ́n. Púpọ̀ nínú èyí tí ẹ ń rí lónìí, tí a ń pè ní kámpálà, dáì oníyẹ̀fun àti kọ́sítíìkì ni wọ́n fi ṣe é. N kò pe ìyẹn ní ayédèrú rárá. Ọwọ́ ló ṣe é, ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé nílùú yìí, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti èlú lọ. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n gba owó èlú lọ́wọ́ yín lórí kámpálà, tàbí owó kámpálà lórí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀.

Ẹ fi àǹkáṣíìfù funfun tó tutù nù ún. Aró tuntun máa ń jáde díẹ̀, ìyẹn kò burú. Bí àǹkáṣíìfù bá di búlúù látòkè délẹ̀, wọn kò ṣan án tó. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ bá fún pé kó dá fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kó sì sá a sí ibòòji.

Bó bá ti di ti aṣọ báyìí, ọ̀dọ̀ aláró fúnra rẹ̀ ni mo yàn, lẹ́yìn náà gáláárì, ọjà ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá bá aláró nídìí ìkòkò, ẹ béèrè orúkọ ọnà náà. Ẹlòmíì á sọ fún yín pé Ìbàdàndùn ni, á fi òpó Màpó hàn yín lára rẹ̀; ẹlòmíì á sọ pé Olókun ni. Ẹ̀bùn tó ní orúkọ yàtọ̀ sí ẹ̀bùn tí a kàn ń pè ní aṣọ.

Hámpà

Màá sọ èyí kíákíá. Ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ ń to hámpà sójú títì ní Disẹ́ńbà, ó ń dán nínú náílọ́ọ̀nù. Ọdún kan, mo ra èyí tí wọ́n ti dì sílẹ̀ fún ọ̀gá ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n tú u, bisikíìtì tó wà nínú rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́, ìwé ìròyìn tí wọ́n ká jọ ló sì kún ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. N kò tún ra èyí tí wọ́n dì fún mi mọ́. Ẹ ra apẹ̀rẹ̀ lọ́jà, kí ẹ fọwọ́ ara yín to òrí, ọṣẹ dúdú, oyin àti gèlè àdìrẹ kan sínú rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn wá, kó dúró ní Ìkirè ra dòdò Ìkirè kún un. Owó rẹ̀ kò ní tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó sì mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí mo yàn fún àwọn márùn-ún

Ìyá ọkọ: àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi èlú pa, bí owó bá ká a. Bí kò bá ká a, kámpálà tó dára, kí ẹ sì pè é ní kámpálà.

Ọ̀gá níbi iṣẹ́: àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ kékeré láti gáláárì, pẹ̀lú rìsíìtì àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀gá kì í wọ aṣọ tí òṣìṣẹ́ rà fún un, àmọ́ á gbé àwòrán kọ́ sí ọ́fíìsì.

Pásítọ̀: ẹ má gbé ère lọ o. Ẹ̀yin lè rí i bí iṣẹ́ ọnà, kí ìyàwó pásítọ̀ rí i bí òrìṣà, kó sì di ohun tí wọ́n ń sáré gbé jáde lóru. Bákan náà ni ti ààfáà. Kì í ṣe pé èmi kórìíra ère; ẹ̀bùn tó ń da ọkàn ẹni tó gbà á láàmú ni kò bójú mu. Iṣẹ́ páànù tí wọ́n tẹ̀, irú èyí tí Àsírù fi sọ ìtàn Bíbélì, ló bá a mu jù.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án: ọpọ́n ayò láti Ọjà Ọba. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó, torí wọ́n sábà máa ń dín. Ẹ fọwọ́ ra inú ihò náà wò bóyá wọ́n ti fi pépà gbígbo dán an, kí ẹ̀ẹ́rún igi má gún ọmọ. Mo tún ronú nípa gángan. Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kò jìnnà, àwọn ìdílé Àyàn wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ ìlù gidi ju ohun ìṣeré lọ, ó yẹ kó lọ sọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ kọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ tó ń lọ sí Kánádà: aṣọ ló fúyẹ́ jù, kò lè fọ́, kò sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Òrí kò gbọdọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ bó bá pọ̀. Ohun tó ní awọ ẹran tàbí irúgbìn, wọ́n lè gbà á lẹ́nu ibodè. Bó bá sì jẹ́ ère tàbí iṣẹ́ ọnà mìíràn ló fẹ́ gbé jáde kúrò ní Nàìjíríà, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ NCMM pẹ̀lú rìsíìtì kí wọ́n lè fún un ní ìwé àṣẹ pé kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Láìsí ìwé yẹn, pápákọ̀ òfurufú ni ẹ̀bùn náà lè dúró sí.

Fún ọjọ́ kan péré, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe é báyìí: Ọjà Ọba ní àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ọ̀dọ̀ aláró lẹ́yìn ìyẹn, gáláárì ní ọ̀sán, torí ibẹ̀ ní ibòòji. Kí wọ́n fi Igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá ní ọjọ́ méjì, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí à ń sáré wọ̀.

Kí wọ́n sì mú páálí kékeré márùn-ún dání. Ohun tí a máa kọ sí i ni orúkọ ẹni tó ṣe é, orúkọ ọnà náà, Òṣogbo, àti ọdún, ká sì fi okùn so ó mọ́ ẹ̀bùn. Bí ẹni tó ṣe é bá wà níbẹ̀, kí wọ́n fún un ní bíírò kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀.